Níbo Ni Àlejò Yóò Sùn? Ìtàn Yàrá Ẹ̀yìnkùlé, Láti Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Dé Bọ́ìsì Kọ́tà

Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo ti di bíríkìlà. Ìtàn ni.

Ní ìsinmi tó kọjá, mo wà nílé ní Ìlerò nígbà tí bọ̀ọ̀dá mi mú okùn àti èèkàn mẹ́rin lọ sí ẹ̀yìnkùlé wa. Iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ti gbé Ìbàdàn fún ọdún mẹ́rin, owó ilé ń gun òkè lọ́dọọdún, wọ́n bá ní àwọn yóò padà wá máa ṣiṣẹ́ láti ilé. Ohun tí wọ́n fẹ́ kò pọ̀: yàrá kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tí yóò jẹ́ ọ́fíìsì lọ́sàn-án, tí àlejò yóò sì lè sùn síbẹ̀ bí àlejò bá dé. Bàbá wa ti fọwọ́ sí i. Bíríkìlà ti wá wo ilẹ̀. Èèkàn mẹ́ta ti wọlẹ̀ nígbà tí ìyá àgbà, ìyá bàbá wa, jáde láti ilé ìdáná. Wọ́n wo okùn náà títí, wọ́n ní, "Ta ni yóò máa sùn níbẹ̀?"

Bọ̀ọ̀dá mi ní, "Àlejò ni, mà."

"Àlejò? Ẹ̀yìnkùlé lẹ fẹ́ kó àlejò sí?"

Wọ́n yí padà, wọ́n wọlé. Èèkàn kẹrin kò wọlẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé àgbà ni, wọn kò fẹ́ ohun tuntun. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sí iléèwé, ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí bí àwọn baba wa ṣe ń kọ́lé, mo sì wá rí i pé ìbéèrè ìtàn gan-an ni ìyá àgbà bi wá. Ibi tí a bá fi ènìyàn sí nínú ilé ni a fi ń sọ irú ẹni tí a kà á sí fún un. Láàárín igba ọdún, àlejò ilẹ̀ wa ti rìn láti iwájú ilé lọ sí ẹ̀yìn ilé. Kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e lọ.

Iwájú ni àlejò wà

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti agbo ilé. Samuel Johnson, àlùfáà ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ó kú ní 1901. Ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sọnù, àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, ló tún un tò kó tó jáde ní 1921. Nínú ìwé yẹn, Johnson ṣàlàyé bí ilé àwọn ènìyàn Ọ̀yọ́ ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ni ti wa ní Òkè-Ògùn náà sì rí. Yàrá púpọ̀ ló so mọ́ra wọn, tí wọ́n yí àgbàlá ká. Amọ̀ ni ògiri, koríko bẹẹrẹ ni òrùlé. Koríko yìí ní iyì tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́ fi ń gbé e wá fún Aláàfin lọ́dọọdún láti fi bo ààfin. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ọdún Bẹẹrẹ.

Yàrá inú agbo ilé kéré, ó sì ṣókùnkùn. Oorun àti ẹrù ló wà fún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà níwájú àwọn yàrá ni wọ́n ti ń gbé ayé wọn: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gba àlejò. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí ooru sì mú, ọ̀pọ̀ ènìyàn a tẹ́ ẹní síbẹ̀. Ẹni tó bá wọlé láti ẹnu ọ̀nà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé ló kọ́kọ́ máa dé.

Ẹ̀yìnkùlé ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni balùwẹ̀ wà, àti ìkòkò aró, àti ẹ̀fọ́, àti ewúrẹ́, àti ààtàn. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ọmọ ilé ni tàbí olè. Kì í ṣe lásán ni àwọn àgbà fi ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà.

Àwọn àjèjì tó gba ilẹ̀ wa kọjá jẹ́rìí sí èyí. Ní 1825, Hugh Clapperton gbéra láti Àgbádárìgì pẹ̀lú Richard Lander. Ṣakí wà lára àwọn ìlú tí wọ́n gbà kọjá kí wọ́n tó dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1826. Ní 1830, Richard àti àbúrò rẹ̀, John, tún gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá, wọ́n sì dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù karùn-ún. Bí ènìyàn bá ka ìwé ìrìn àjò wọn, ohun kan ń padà wáyé láti ìlú dé ìlú. Kò sí òtẹ́ẹ̀lì. Olórí ìlú ni àlejò kọ́kọ́ máa lọ kí. Olórí ìlú ló máa fún un ní ilé tí yóò sùn sí, òun náà ló máa fi oúnjẹ ránṣẹ́: iṣu, adìyẹ, nígbà míì ewúrẹ́. Bí nǹkan kan bá ṣe àlejò náà, ọrùn ẹni tó gbà á sílé ni yóò wà.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi oyin bo ìtàn. Ọ̀wọ̀ nìkan kọ́ ló gbé àlejò sí iwájú. Ìṣọ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ojú ọ̀nà tó lọ láti Ọ̀yọ́ sí etí òkun ni apá ibi tí a wà yìí, oníṣòwò àti ọmọ ogun ló ń gbà á kọjá. Àlejò tó wà níwájú, ojú onílé wà lára rẹ̀. Àwọn Haúsá náà mọ ọgbọ́n yìí: ní ilé wọn àtijọ́, zaure, yàrá ẹnu ọ̀nà, ni wọ́n ti ń gba àlejò, kì í dédé wọ inú ilé lọ. Bí a bá fi ojú méjèèjì wò ó, ohun kan náà ló jẹ́: onílé mọ̀ pé àlejò wà, àlejò sì mọ̀ pé wọ́n mọ òun.

Ọ́fíìsì àwọn baba àti àwọn ìyá wa

Bọ̀ọ̀dá mi rò pé òun ló kọ́kọ́ fẹ́ máa ṣiṣẹ́ nílé. Ẹ rín in fún mi. Ẹ dé Ìṣẹ́yìn lónìí, ẹ ó rí àwọn ọkùnrin tó ń hun aṣọ òfì lábẹ́ àtíbàbà, tí òwú wọn gùn jáde síta, tí ẹrù tó mú un le dúró jìnnà sí ẹni tó ń hun ún, tó sì ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ ṣe ń gùn sí i. Iṣẹ́ yẹn nílò gbàgede, ìta ló sì wà. Òfì àwọn obìnrin yàtọ̀. Òfì tó dúró lóòró ni, ara ògiri ni wọ́n ń gbé e tì, wọn a sì máa fi hun kíjìpá nínú ilé, nítòsí ààrò àti ọmọ. Ilé ni ọkùnrin ti ń ṣiṣẹ́, ilé ni obìnrin ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tó yàtọ̀ ni ta ni gbogbo ayé ń rí, ta ni kò sí ẹni tó ń rí i. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ìwé kan wà tí gbogbo ilé onígbàgbọ́ ní Òkè-Ògùn ní, tí àpèjúwe yàrá àlejò sì wà nínú rẹ̀. Bíbélì ni. Samuel Ajayi Crowther, tó ṣáájú nínú iṣẹ́ títúmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ọmọ Òṣoògùn ni, ní agbègbè Ìṣẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti kó o lẹ́rú ní 1821. Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹrin, obìnrin ará Ṣúnémù sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kí àwọn kọ́ yàrá kékeré fún wòlíì Èlíṣà tó máa ń kọjá. Ẹ wo ohun tó ní kí wọ́n fi síbẹ̀: ibùsùn, tábìlì, àga àti ọ̀pá fìtílà. Ohun mẹ́rin péré! Ẹni tó bá ń kọ́ ọ́fíìsì kékeré lónìí kò tíì rí ohun púpọ̀ fi kún un ju ìsọ iná lọ. Ẹ sì wo ibi tí yàrá náà wà: òkè ni, lára ògiri ilé. Kò sí lẹ́yìn ilé ìdáná.

Páànù dé, àgbàlá lọ

Báwo wá ni ẹ̀yìnkùlé ṣe di ibi tí a ń kọ́lé sí? Ohun méjì ló fà á. Àkọ́kọ́ ni ilé Àgùdà.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì mọ iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà. Ilé tí wọ́n kọ́ kò ní àgbàlá láàárín. Gbọ̀ngàn gígùn kan ló la ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá sì wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ilé yìí gba orí páànù dáadáa. Nígbà tí ojú irin sì dé Ìbàdàn ní 1901, páànù àti sìmẹ́ńtì rí ọ̀nà wọ àárín ilẹ̀ Yorùbá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀, ilé onígbọ̀ngàn yìí di ilé olówó, lẹ́yìn náà ó di ilé gbogbo ènìyàn.

Ìgbà míì, ìlú odindi ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ilé kíkọ́ lákọ̀tun. Ẹ wo Òkehò, aládùúgbò wa ní ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà. Orí òkè ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀ nítorí ogun. Lẹ́yìn rògbòdìyàn Ìṣẹ́yìn àti Òkehò ní 1916, wọ́n ṣí ìlú náà kúrò níbẹ̀ ní 1917 wá sí ibi tó wà báyìí. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní láti tún ilé rẹ̀ kọ́ láti ìpìlẹ̀.

Páànù ní oore tirẹ̀: kì í tètè gbiná bíi bẹẹrẹ, kò sì nílò kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sùn lábẹ́ páànù tí kò ní síléènì ní oṣù kẹta ní Òkè-Ògùn mọ ohun tí a pàdánù. Ohun mìíràn tí a pàdánù ni àgbàlá. Ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti ṣáláńgá tó kù ní ibi tí wọn yóò lọ: gbogbo wọn kó lọ sí ẹ̀yìn ilé. Àlejò wọ inú pálọ̀. Ẹ̀yìnkùlé bẹ̀rẹ̀ sí í ní ilé kéékèèké tirẹ̀.

Bọ́ìsì kọ́tà

Ohun kejì wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba òyìnbó. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn fi hàn ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri, àwọn òyìnbó kan ní ohun tó dára jù ni kí òyìnbó máa gbé jìnnà sí ènìyàn dúdú. William MacGregor, gómìnà Èkó láti 1899, tó jẹ́ dókítà fúnra rẹ̀, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí a gbógun ti ẹ̀fọn fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n Lugard tó wá lẹ́yìn rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Òfin ìlú tí wọ́n ṣe ní 1917 pín àwọn ìlú sí ipele, ìlànà ìjọba sì ni pé kí ilẹ̀ tí ó tó 440 yáàdì, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sí, wà láàárín àdúgbò òyìnbó àti ti ọmọ ìbílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò se oúnjẹ? Ta ni yóò fọ aṣọ? Ta ni yóò gé koríko? Òfin tó ní kí ènìyàn dúdú má sùn nítòsí ní láti la ihò kan sílẹ̀ fún àwọn ìránṣẹ́. Ihò yẹn la wá ń pè ní bọ́ìsì kọ́tà. Ìlà yàrá kékeré ni, ní ìsàlẹ̀ ọgbà, lẹ́yìn ilé ńlá. Ó jìnnà tó kí ọ̀gá má baà gbóòórùn ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń sè, ó sì sún mọ́ ọn tó kí wọ́n lè gbọ́ bí ọ̀gá bá pè. Ọ̀nà tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹni tó ń gbébẹ̀ má baà gba iwájú kọjá. Ẹ sì wo orúkọ náà. "Bọ́ì" ni wọ́n ń pe kúkù tó ti lé lógójì ọdún, tó láya, tó bímọ, tó jẹ́ baálé níbi tó ti wá.

Nígbà tí Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948 gẹ́gẹ́ bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì, ilé àwọn olùkọ́ àgbà ní bọ́ìsì kọ́tà tiwọn. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́ Bódìjà fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1950, bọ́ìsì kọ́tà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. A gba òmìnira ní 1960. Àwọn ènìyàn wa kó wọ ilé ńlá. Kò sí ẹni tó wó ilé ẹ̀yìn. Ohun tó yí padà ni ẹni tó ń sùn níbẹ̀: ọmọ ọ̀dọ̀, lẹ́yìn náà ọmọ ẹ̀gbọ́n tó wá láti abúlé, lẹ́yìn náà ayálégbé, lẹ́yìn náà àwa akẹ́kọ̀ọ́. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí BQ gbà nínú ọgbà máa ń ṣe bí ẹni tó jẹ lọ́tìrì. Orúkọ náà ti kúrú, a ti gbàgbé ohun tó dúró fún.

Ìyá àgbà kò gbàgbé

Nígbà tí mo tún padà délé, mo jókòó ti ìyá àgbà, mo sọ gbogbo ohun tí mo kà fún wọn. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọn kò wojú mi. Nígbà tí mo dé orí bọ́ìsì kọ́tà, wọ́n ní, "O ò ní láti kà á nínú ìwé. Mo sùn níbẹ̀ rí."

N kò gbọ́ èyí rí láyé mi. Bàbá àgbà, tí mo mọ̀ sí àgbẹ̀, ti ṣe kúkù fún òyìnbó kan ní Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ìyá àgbà, tí wọn kò tíì pé ogún ọdún nígbà náà, lọ bá wọn níbẹ̀ pẹ̀lú àkọ́bí wọn. Yàrá kan ni, fèrèsé rẹ̀ kéré, ó sì kọjú sí ògiri. Ilé náà kò burú, wọ́n ní. Kò jò, omi ẹ̀rọ sì wà nítòsí, ohun tí a kò ní ní Ìlerò nígbà náà. Ohun tí wọ́n rántí ni ọmọ. Bí ọmọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké lóru, wọn a gbé e pọ̀n, wọn a jáde lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ọgbà, wọn a máa rìn síwá sẹ́yìn títí ọmọ yóò fi sùn, kí ọ̀gá má baà jí. Nínú òjò pàápàá.

"Nǹkan bí oṣù mẹ́jọ," wọ́n ní. "Mo ń gbé ibẹ̀ bí ẹni tó sá pamọ́. Ìgbà tí ìyá mi wá kí mi, ẹ̀yìn ni mo mú wọn gbà. Ìyá mi bi mí pé, 'Ṣé kò sí iwájú nílé yìí ni?'"

Wọ́n gbọn ìyẹ̀pẹ̀ ẹ̀wà dànù. "Ẹ wá na okùn sẹ́yìn ilé ìdáná mi, ẹ ní ilé àlejò ni."

N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Ìwé tí mo kà sọ fún mi pé 440 yáàdì. Kò sọ fún mi nípa ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ṣé ẹ̀yìn ló burú ni?

Ẹnìkan lè ní, ṣebí àwọn olówó ayé ń kọ́ yàrá sí ẹ̀yìnkùlé wọn fún ìgbádùn? Òótọ́ ni. George Bernard Shaw, òǹkọ̀wé eré ọmọ Ireland tó kú ní 1950, ní ahéré kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ọgbà rẹ̀ ní abúlé Ayot St Lawrence nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ló ti ń kọ̀wé. Wọ́n gbé ahéré náà ka orí ohun tó ń yí, kí ó lè máa yí i tẹ̀ lé oòrùn. Wọ́n ní ó sọ ibẹ̀ ní "London," kí àwọn ará ilé lè sọ fún àlejò tí kò fẹ́ rí pé ọ̀gá ti lọ sí London!

Shaw wà lẹ́yìn ilé, bàbá àgbà náà wà lẹ́yìn ilé. Ìyàtọ̀ wọn ni pé Shaw ló yan ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, òun ló ni iwájú pẹ̀lú, ó sì lè rìn wọlé nígbà tó bá fẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ kọ́ ló burú. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ilé kékeré kan ni pé: ta ni yan ibi tó wà? Ọ̀nà wo la gbà débẹ̀? Kí ni fèrèsé rẹ̀ ń wò? Ṣé ẹni tó wà nínú rẹ̀ lè jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ké?

Bí a ṣe tún èèkàn kàn

Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà fún bọ̀ọ̀dá mi. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n bá lọ fa àwọn èèkàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tu. A fi ọjọ́ méjì wo ilẹ̀ lákọ̀tun. Mo kọ ohun tí a ṣe síbí, bóyá yóò wúlò fún ẹni tó ń gbèrò irú rẹ̀.

Ibi tó wà: a gbé e kúrò lẹ́yìn ilé ìdáná wá sí ẹ̀gbẹ́ ilé, nítòsí igi máńgòrò, tí ènìyàn lè rí i láti ojú títì. Ọ̀nà tirẹ̀ gba iwájú wá. Ilẹ̀ ìdílé ni, nítorí náà bàbá wa ní láti kọ́kọ́ lọ sọ fún baálé agbo ilé. Ẹni tó bá kọ́lé sórí ilẹ̀ ìdílé láìgba àṣẹ ìdílé ń ra ẹjọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó sì yẹ kí ènìyàn béèrè ohun tí ọ́fíìsì tó ń rí sí ètò ilé kíkọ́ ní àdúgbò rẹ̀ fẹ́ kó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Oòrùn àti òjò: ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn ni oòrùn ń gbà, nítorí náà a fi fèrèsé méjèèjì sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn ọ̀sán má baà kọlu ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà. Òjò oníjì ìbẹ̀rẹ̀ ọdún sábà máa ń ti ìlà oòrùn wá, a kò sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn kọjú síbẹ̀. Fèrèsé àríwá gbọ́dọ̀ ṣeé tì pa dáadáa nítorí ọyẹ́ àti eruku rẹ̀.

Ògiri: ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ògiri mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó sì ga ní 10: ojú ògiri náà jẹ́ 480 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti òró. Ẹ yọ ilẹ̀kùn kan tó jẹ́ 3 sí 7 kúrò, ìyẹn 21, àti fèrèsé méjì tó jẹ́ 4 sí 4, ìyẹn 32. Ó ku 427. Búlọ́ọ̀kù kan, tó gùn ní ínṣì 18, tó sì ga ní ínṣì 9, ń bo díẹ̀ lé ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Nǹkan bí 380 búlọ́ọ̀kù ni yóò gbà, ẹ ka àwọn tí yóò fọ́ mọ́ ọn, ó di 400. Ìpìlẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ o.

Bíríkìlà tiwa, tó ti dàgbà díẹ̀, ní ẹni tí owó rẹ̀ kò tó lè lo amọ̀ bíi ti àtijọ́. Wọ́n ní àṣírí rẹ̀ ni sùúrù: kí a gún ẹrẹ̀ náà, kí a fi í sílẹ̀, kí a tún un gún. Kí a mọ ipele kan, kí ó gbẹ kí a tó mọ òmíràn lé e. Ìdí nìyí tí ẹ̀ẹ̀rùn fi jẹ́ àsìkò ilé kíkọ́, tí ọ̀wẹ̀ sì fi wà, torí ẹnìkan kò lè dá ẹrẹ̀ gún. Ohun tó ń pa ilé amọ̀ ni omi, láti ìsàlẹ̀ àti láti òkè. Ìpìlẹ̀ òkúta àti òrùlé tó yọ síta dáadáa ló ń gbà á.

Ohun tó kù ni ohun tí ìyá àgbà fi kún un. Nígbà tí wọ́n rí i pé èèkàn ti kúrò lẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n jáde wá, wọ́n wo ilẹ̀ tuntun náà, wọ́n ní, "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ dà?" Bọ̀ọ̀dá mi ní kò sí owó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní, "Ibo ni mo máa jókòó sí bí mo bá wá kí àlejò?" A fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin kún iwájú rẹ̀ fún ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì yọ ọ́ nínú owó táìsì.

Nígbà tí mo ń padà sí iléèwé, ògiri ti dé ojú fèrèsé. Ọmọ iṣẹ́ bíríkìlà ń ké pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó gbé omi wá sí ìdí BQ. Bọ̀ọ̀dá mi dá a lóhùn kíákíá pé, "Kì í ṣe BQ. Ilé àlejò ni." Ìyá àgbà wà lórí àpótí wọn lábẹ́ máńgòrò, wọ́n ń wò wọ́n. Wọn kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọn kò wọlé.

Ilé tiyín ńkọ́? Bí ẹ bá délé ní ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè ibi tí wọ́n ti sùn rí.